Èmi Ni Mo Ṣí Iléru Náà

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé kò mọ iṣẹ́ táìlì títẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. N kò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó o. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn, mo sì pa ẹnu mi dé, mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń ka ìwé ìtàn, mò ń rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ náà ti tóbi nínú mi débi pé kò sí àyè fún nǹkan mìíràn mọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ibi tó rùn nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ dídùn ni nǹkan kan ṣoṣo tí mo ti fi gbogbo ìgbà èwe mi kó jọ.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Màmá ni mò ń pè é. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Ìyá Alámọ̀, torí pé amọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Táìlì ló ń ṣe, kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀rọ ń tú jáde wàràwàrà, bí kò ṣe èyí tí a fi ọwọ́ po, tí a fi igi róbótó yí mọ́lẹ̀ títí á fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tí a fi ọ̀bẹ gé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a sá sí abẹ́ òjìji kó lè gbẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn iná àkọ́kọ́, a ó fi omi aláwọ̀ kan tó ki bí ọ̀dà kùn ún lójú, a ó sì dá a padà sínú iléru. Inú ibẹ̀ ni omi náà ti ń yọ́, tí á di bíi dígí lára amọ̀. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ohun tí a kùn sí i kì í jọ ohun tó ń jáde. Ohun tó rí bí eérú la kùn, búlúù ló jáde. Ta ló yí i padà? Ìgbà wo gan-an ló yí? Ṣé gbogbo rẹ̀ ló ń yí lẹ́ẹ̀kan náà ni, àbí ẹyọ kan ló ń kọ́kọ́ gbìyànjú kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e? Mo bi Màmá. Ó ní, “Iná ni.” Mo ní, “Iná ṣe é báwo?” Ó ní, “Ìwọ Alálàá yìí, ìbéèrè lo máa fi pa mí. Gbá ilẹ̀, jàre.”

Alálàá ni wọ́n ń pè mí nílé, orúkọ náà kò sì dùn mí, torí òótọ́ ni. Bí mo bá ń po amọ̀, ọkàn mi lè wà nínú ìwé tí mo kà láàárọ̀. Ìyá Tíṣà ló ń yá mi níwèé. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, yàrá kan sì wà nílé rẹ̀ tó jẹ́ kìkì ìwé láti ilẹ̀ dé àjà. Òun ló rí i pé n kò parí ilé ẹ̀kọ́, tó ní, “Ó dáa, kà á bó ṣe wù ẹ́, kò sí ìdánwò.” Àìsàn kan ṣoṣo tí mo ní ni pé ojú ewé tó kẹ́yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. N kò lè mú un mọ́ra. Mo gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọkùnrin náà padà wálé. Nígbà tí Ìyá Tíṣà mọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi rọ́bà di ojú ewé mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn kó tó gbé ìwé lé mi lọ́wọ́. Á ní, “Bí rọ́bà yìí bá já, ìwọ àti èmi.” Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá dé ẹ̀yìn ilé, mo máa ń tú rọ́bà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo máa ń wò ó, mo sì máa ń dì í padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ pé èèyàn lè yọjú wo ohun tí wọ́n ní kó má wò, kó sì dì í padà, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa etí Màmá, torí láìsí i, ọ̀rọ̀ yìí kò ní yé yín. Gbogbo táìlì tó bá ti inú iléru jáde la gbọ́dọ̀ kàn. A ó gbé e lé orí ìka mẹ́ta, a ó fi oríkèé ìka ọwọ́ kejì lù ú. Bó bá pé, á dún gbọnran bí agogo kékeré. Bó bá ti sán nínú, bí ojú kò tilẹ̀ rí i, á dún kọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń lu páálí. Èyí tó bá dún kọ̀, ìdọ̀tí ni. Etí Màmá sì ti ń di díẹ̀díẹ̀ láti bí ọdún méje. Ojú tì í. Ó ní bí àwọn oníbàárà bá mọ̀ pé ẹni tó ń fi etí yan táìlì kò gbọ́ràn mọ́, ta ni yóò tún dúró ra táìlì lọ́wọ́ òun? Èmi ni mo wá di etí rẹ̀. Mo ń bá a gbé fóònù. Mo ń bá a dáhùn lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá sì ń kan táìlì, èmi ni mò ń kàn án, òun ń wò mí: bó bá dún, mo máa mi orí, bó bá kú, mo máa fi ọwọ́ nu aṣọ iṣẹ́ mi. Màmá á wá kígbe níwájú oníbàárà pé, “Ìyẹn ti kú! Àbí ẹ ò gbọ́ ọ?” Oníbàárà á sì máa mi orí bí ẹni tó gbọ́. Ẹ̀rín máa ń pa mí. Kò sí ẹni tó mọ̀ àfi àwa méjèèjì, àní Gbọọrọ pàápàá kò mọ̀.

Gbọọrọ ni onítáìlì tí mò ń sọ. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ torí ìlà táìlì rẹ̀ máa ń lọ gbọọrọ láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri kejì láìyẹ̀ rárá. Ogún ọdún lòun àti Màmá ti jọ ń ṣiṣẹ́. Màmá á ṣe é, Gbọọrọ á tẹ̀ ẹ́. Kì í dé ọ̀dọ̀ wa kó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. “Ìyàwó mi, ìwé wo lò ń kà lónìí? Ọkùnrin inú ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ àbí ó kàn ń sunkún kiri?” Mo máa sọ fún un pé ọlọ́rọ̀ ni. Á ní, “Ó dáa, ní kó wá ra táìlì.”

Iṣẹ́ tó bà wá jẹ́, ilé Ìyá Tíṣà ló ti wá. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Onírédíò, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún rédíò ṣe, ṣàìsàn tó mú apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló wá ń wẹ̀ fún un. Ó ń wẹ̀ fún un tìfẹ́tìfẹ́, àmọ́ ọkùnrin náà kórìíra ìwẹ̀ náà bí ìgbà tí wọ́n ń bọ́ aṣọ lára rẹ̀ láàárín ọjà. Ni wọ́n bá pinnu láti tún balùwẹ̀ wọn ṣe: wọ́n á mú ilẹ̀ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó má bàa sí àtẹ̀gùn, wọ́n á fi irin mọ́ ògiri fún ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n á gbé àga onírin síbẹ̀, wọ́n á sì lo táìlì kéékèèké tí ojú wọn le díẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀. Ó fi ọ̀pá rìn wá sọ́dọ̀ wa fúnra rẹ̀ láti yan àwọ̀. Màmá kó búlúù mọ́kànlá jáde. Kò gba ọ̀kankan. Ó ní, “Ìyá Alámọ̀, ṣé ẹ mọ búlúù tó máa ń wà nídìí iná gáàsì, níbi tí iná ti ń jáde gan-an? Ìyẹn ni mo fẹ́ máa tẹ̀.” Màmá wo ẹnu rẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó rí i pò.

Ọ̀ọ́dúnrún táìlì ló wọ inú iléru lọ́jọ́ náà. Iná parí nírọ̀lẹ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pè pé ọmọ Màmá tó wà nílùú kejì ti bímọ. Màmá so gèlè, ó gbé àpò, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Alálàá. Má ṣí i. Lọ́sàn-án ọ̀túnla ni. Kó o fi ọwọ́ lé ara ilẹ̀kùn rẹ̀, kó o ka ọgbọ̀n. Bí ọwọ́ ẹ bá ṣì ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tó o fi fà á kúrò, fi í sílẹ̀. Ẹni tó wà níbí kó o tó dé ṣí i láìtọ́jọ́. Ṣé o rí i níbí?” Mo ní rárá. Ó ní, “Ó dáa bó o ṣe mọ̀.”

Mo gbìyànjú. Mo gbá ilẹ̀, mo fọ abọ́, mo ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àmọ́ mò ń rò ó pé búlúù náà wà nínú òkùnkùn níbẹ̀, ó ti di ohun tó máa dà, kò sì sí ojú kankan láyé tó tíì rí i. Ṣé ó ti jọ iná gáàsì? Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀, mo yọ bíríkì kékeré tí a fi dí ihò ìwòran. Òkùnkùn ni mo rí. Mo ní, kí n kàn ṣí ilẹ̀kùn náà ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Mo fi àkísà di ọwọ́ mi, mo ṣí i. Ooru gbá mi lójú. Mo rí igun kan ṣoṣo, búlúù, ṣùgbọ́n òjìji wà lórí rẹ̀, ni mo bá ṣí i dé ìwọ̀n èjìká mi. Ha! Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: n kò tíì rí nǹkan tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé iná ṣì ń jó nínú rẹ̀. Bí mo ti dúró síbẹ̀, mo gbọ́ ohùn kan: tín. Lẹ́yìn náà, láti apá kejì: tín-ín. Lẹ́yìn náà, lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún: tín, tín, tín-ín. Mo rò pé wọ́n ń kí mi ni. Mo rò pé báyìí ni táìlì ṣe máa ń kọrin bó bá ń tutù, pé Màmá ti gbàgbé láti sọ fún mi torí pé etí rẹ̀ kò gbọ́ ọ mọ́. Mo dúró, mò ń gbọ́ orin, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Afẹ́fẹ́ tútù ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá wọlé. Ohun tí mò ń gbọ́ ni táìlì tó ń sán. Mo dúró síbẹ̀ tìdùnnú-tìdùnnú, mo sì ń gbọ́ bí ọwọ́ mi ṣe ń ba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta jẹ́.

Nígbà tí Màmá dé, iléru ti tutù, mo ti tì í padà, mo ti dí ihò. Ó ṣí i, ó mú ọ̀kan síwájú fèrèsé, ó pariwo, ó dì mọ́ mi. “Òun nìyẹn! Iná gáàsì gan-an!” A jókòó láti kàn wọ́n. Èkíní dún. Èkejì dún. Ẹ̀kẹta ní kọ̀. Mo tún un kàn. Kọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ irú orin tí mo gbọ́. Màmá ń wò mí, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró de orí mi. Mo mi orí. Ìyẹn ni irọ́ àkọ́kọ́, kò sì gbà ju kí ọrùn tẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí a máa fi parí, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló kú. Bí mo bá ti fi ọwọ́ nu aṣọ fún gbogbo wọn, Màmá á mọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ohun kan ṣoṣo ló ń pa táìlì tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí n kò bá sì nù ún rárá, ìyẹn náà á yà á lẹ́nu, torí kò sí iléru tí kì í pa ọ̀kan tàbí méjì. Nítorí náà, mo yan márùn-ún. Ẹ gbọ́ ọ o: mo jókòó, mo sì ṣírò bí irọ́ mi ṣe máa tó. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Alálàá! Orí mi pé dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

A kó táìlì lọ sílé Ìyá Tíṣà. Lọ́jọ́ kejì, fóònù Màmá dún, mo gbé e. Gbọọrọ ni. “Ìyàwó mi, gbé fóònù fún Màmá.” Mo ní, “Ọwọ́ wọn wà nínú amọ̀, ẹ sọ ọ́ fún mi.” Ó ní, “Táìlì wọ̀nyí ń dún kọ̀ o. Mo ti ya bí ogójì sọ́tọ̀, mi ò sì tíì kàn wọ́n tán. Bi Màmá léèrè: kí n tẹ̀ ẹ́ ni, àbí kí n dúró?” Màmá jókòó ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń fi igi róbótó yí amọ̀. Mo gbé fóònù kúrò létí. Mo ka oókan dé ẹ̀ẹ́wàá nínú mi, ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì dá a lóhùn. Mo wá ní, “Màmá ní amọ̀ tuntun ni, pé bó ṣe ń dún nìyẹn. Wọ́n ní kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ.” Ó ní, “Ó dáa. Bí Màmá bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí.” Ohun tó sọ nìyẹn. Ogún ọdún ìgbẹ́kẹ̀lé ló fi sọ ọ́, èmi ni mo sì gbà á dípò ẹni tó ni ín.

Oṣù méjì ni Bàbá Onírédíò fi dá wẹ̀. Bí mo bá lọ dá ìwé padà, mo máa ń gbọ́ ọ nínú balùwẹ̀ tó ń súfèé, Ìyá Tíṣà á sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ṣe bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Nígbà mìíràn, ìwé ìròyìn náà máa ń wà lódì lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà yẹn, omi ń gba ojú sísán wọ abẹ́ ilẹ̀, ẹsẹ̀ àga sì ń tẹ̀ wọ́n lójoojúmọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, táìlì mẹ́rin fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ ẹsẹ̀ àga kan. Àga dà, bàbá dà. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ló ṣẹ́, ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù tó ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ìyá Tíṣà pe Màmá àti Gbọọrọ sínú balùwẹ̀ náà. Ẹnu iṣẹ́ la ti lọ, aṣọ iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́rùn mi. Ìyá Tíṣà mú ọ̀pá ọkọ rẹ̀, ó ń fi kan ilẹ̀: kọ̀, kọ̀. “Ẹ gbọ́ ọ! Ihò ló wà lábẹ́ ẹ̀! Ọkùnrin yìí ò fi sìmẹ́ńtì tó sí i, ó kàn fi ẹnu táìlì lẹ ilẹ̀ ni, ọkọ mi ló jìyà ẹ̀!” Lóòótọ́ ni, táìlì tí sìmẹ́ńtì kò kún abẹ́ rẹ̀ máa ń dún báyẹn náà. Gbọọrọ kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ojú ibi tó fọ́. Ó tẹ orí ba sọ̀rọ̀: “Sìmẹ́ńtì kún un, ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Màmá, mo pè yín. Mo ní wọ́n ń dún kọ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí n tẹ̀ ẹ́.” Màmá kò rí ẹnu rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó rọra ní, “Kí ló wí?” Mo fi ètè sọ ọ́ fún un: ó ní òun pè yín. Ojú Màmá yí padà. “Ṣé ó pè?” Gbogbo wọn ń wò mí. Mo lè sọ ọ́ níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà. Mo rò nípa ẹni tí wọ́n lé kí n tó dé, mo rò nípa yàrá ìwé. Mo sì fi ọwọ́ mi nu aṣọ iṣẹ́ mi.

Màmá nìkan ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ ẹ kò dún, Gbọọrọ. Ó ti sán nínú. Má tẹ táìlì mi mọ́ láéláé.” Gbọọrọ kò wo Màmá. Èmi ló wò. Ó ní, “Ìyàwó mi?” Bó ṣe máa ń pè mí náà ló ṣe pè mí, ó sì dúró bí ẹni tó gbà pé mo máa dáhùn. Mo wo bàtà mi. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn èèyàn burúkú wà nínú wọn, mo sì máa ń bi ara mi léèrè bó ṣe máa ń rí nínú ọkàn wọn. Kò rí bí nǹkan kan. Mò ń wo okùn bàtà mi, mo sì rí i pé ó ti fẹ́ já.

Ìyá Tíṣà sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn náà sọ fún tiwọn. Láàárín oṣù kan, kò sẹ́ni tó ń pe Gbọọrọ mọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè mú ìlà tọ́ láìwọ̀n ọ́n wá ń fi ṣọ́bìrì kó yanrìn sínú ọkọ̀ ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Onítáìlì tuntun tí Màmá mú, ìlà rẹ̀ ń wọ́ bí ejò. Bí Màmá bá bú u tán, á ní, “Ogún ọdún,” á sì máa bá amọ̀ lọ. Bàbá Onírédíò kò dá wọ balùwẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ti san. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì lásán lẹ ibi tó fọ́. Èmi? Mò ń yá ìwé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ dá ìwé kan padà. Ìyá Tíṣà kò sí nílé. Bàbá Onírédíò ní kí n jókòó. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó mú táìlì búlúù kan jáde, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tú kúrò nílẹ̀ tí kò tíì fọ́. Ó ti fọ gbogbo sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ dànù. Ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí, bá mi yanjú nǹkan kan. Mi ò ń bínú sẹ́nì kankan o, nǹkan náà kàn ń yún mi nínú orí ni. Wọ́n ní torí pé ihò wà lábẹ́ ẹ̀ ló ṣe ń dún kọ̀. Àbí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé táìlì náà lé orí ìka mi mẹ́ta, ó fi ìka lù ú. Kọ̀. Ó ní, “Ó dáa. Ọwọ́ ẹ nìyí, kò sí ilẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, kò sí sìmẹ́ńtì, kò sí Gbọọrọ. Kí ló dé tó ṣì ń dún kọ̀?” Ó wá tẹjú mọ́ mi, ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ọmọdé tó ń tú rédíò. Kò fura sí mi rárá. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni, bí èmi náà ṣe máa ń fẹ́ mọ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan já nínú mi. Mo ní, “Èmi ni mo ṣí iléru.” Mo sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó béèrè ohun kan ṣoṣo: “Ohùn tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n ń sán, báwo ló ṣe dún?” Mo ní, “Tín, tín.” Ó mi orí fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni omi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, “Oṣù méjì péré ni mo fi jẹ́ èèyàn nínú ilé yìí. Lọ bá Gbọọrọ. Kì í ṣe èmi lo kọ́kọ́ jẹ ní ẹ̀bẹ̀.”

Mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, lórí òkìtì yanrìn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Kò dá ṣọ́bìrì dúró títí mo fi dé ibi etí Màmá. Ó wá dúró. “Màmá ò gbọ́ràn? Látìgbà wo?” Mo ní ọdún méje báyìí. Ó jókòó sórí yanrìn. “Ìyẹn ni pé, lọ́jọ́ yẹn nínú balùwẹ̀...” Mo ní wọn ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí ẹ sọ. Ó ní, “Mo padà lọ bá a lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo dúró lẹ́yìn ẹ̀ níbi tó ti ń po amọ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, kò tiẹ̀ yíjú. Mo ní, ó dáa, obìnrin yìí ti kórìíra mi dé egungun.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu rẹ̀. N kò mọ̀ pé ó wá lọ́jọ́ náà. Mo wà lẹ́yìn ilé, mò ń kàwé. Nígbà tó nu ojú tán, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, “Mi ò tíì mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Màmá ò lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ. Kọ ọ́ sílẹ̀. Kó o sì kọ ọ́ kí àwọn tó ti orúkọ mi mọ́lẹ̀ náà lè kà á.”

Ohun tí ẹ ń kà yìí nìyẹn. Mo gbé e fún Màmá lónìí, lórí tábìlì iṣẹ́, mo sì dúró níwájú rẹ̀ kó lè rí ojú mi. Ó kà á tán, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún un kà. N kò lè sọ gbogbo ohun tó wí fún mi lẹ́yìn náà, torí ó tọ́ sí mi, àwa méjèèjì nìkan ló sì kàn. Nígbà tó sinmi, mo ní, “Màmá, mo lè yọ ọ̀rọ̀ etí yín kúrò níbẹ̀. Mo lè sọ pé mo kàn wọ́n fúnra mi ni.” Ó fi ìka tó kún fún amọ̀ tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀. “Má yọ etí mi. Ká ní mo ti sọ fún Gbọọrọ pé mi ò gbọ́ràn mọ́, ta lo fẹ́ fi fóònù tàn? Kọ tèmi náà sí i.” Ó tú gèlè, ó tún un dì dáadáa, ó sì gba ọ̀nà odò lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún pé Gbọọrọ kò mọ iṣẹ́, mo fi orúkọ Màmá àti ti ara mi bẹ̀ yín, ẹ pè é padà sí ilé yín. Ìyá Tíṣà, ẹ dárí jì mí. Gbogbo ìwé yín tó wà lọ́dọ̀ mi ni mo ti kó sínú àpótí, n kò sì ní béèrè òmíràn àfi bí ẹ bá pè mí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń bá ìyá yín àgbà ka lẹ́tà, tí ẹ ń bá bàbá yín gbé fóònù, tí ẹ ń sọ fún wọn ohun tí dókítà wí: nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń sọ̀rọ̀. Ẹ má fi ohùn wọn sọ ohun tí wọn kò sọ. Ẹni tó wà lódì kejì kò ní mọ̀, á gbà, á ní ó parí, á sì lọ ṣe é.

Màmá kò tíì padà bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàbá Onírédíò ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí pé bí a bá tún ilẹ̀ náà ṣe, òun á wò ó ná láti ẹnu ọ̀nà, òun ò ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀.